Bremerhaven, Èbúté Ẹnu Odò Weser

Ẹrẹ̀ ló bí Bremerhaven. Ìlú Bremen ní Jámánì, ìlú àwọn oníṣòwò láti ayébáyé, fi nǹkan bí 60 kìlómítà jìnnà sí ẹnu odò Weser. Bí ẹrẹ̀ ṣe ń dí odò náà, ọkọ̀ ńlá kò rọ́nà gòkè mọ́. Lọ́dún 1827, Johann Smidt, olórí ìlú Bremen, ra ilẹ̀ létí Òkun Àríwá lọ́wọ́ ìjọba Hanover. Wọ́n gbẹ́ èbúté síbẹ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì wọ̀ ọ́ lọ́dún 1830.

Ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Niedersachsen ló yí Bremerhaven ká, síbẹ̀ ìpínlẹ̀ Bremen ló ni ín. Ti èbúté òkun náà tilẹ̀ tún le jù: ìlú Bremen ló ni ín, kì í ṣe àwọn tó ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ tọ̀sántòru.

Èrò ló kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá. Ó lé ní mílíọ̀nù 7 ènìyàn tó gba Bremerhaven kúrò ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ. Àwọn ará Jámánì wà níbẹ̀, àwọn ará Poland àti àwọn Júù tó ń sá kúrò ní Rọ́ṣíà náà wà níbẹ̀. Láti 2005 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ti ń sọ ìtàn wọn. Elvis Presley ní tirẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti ń bọ̀: ibẹ̀ ló gúnlẹ̀ sí ní oṣù October 1958, nínú aṣọ sójà.

Lónìí, ẹrù ló pọ̀ ju èrò lọ. Ibi ìgúnlẹ̀ àwọn ọkọ̀ kọ̀nténà gùn tó nǹkan bí kìlómítà 5 létí odò gbalaja. Èbúté mọ́tò ní tirẹ̀ wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn omi ńláńlá, nítorí pé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń kún, tó sì ń fà. Mọ́tò tòkunbọ̀ pẹ̀lú ń gbéra níbẹ̀ lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Bí òkun bá fà, pẹ̀tẹ̀lẹ̀ ẹrẹ̀ tí àjọ UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé lọ́dún 2009 a hàn ketekete ní etíkun náà. Nínú ìlú, ọkọ̀ onígi kan tí wọ́n kàn ní nǹkan bí ọdún 1380, tí wọ́n hú jáde nínú Weser lọ́dún 1962, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn. Bremerhaven náà ni ibùdó Polarstern, ọkọ̀ ìwádìí tó ń fọ́ yìnyín lọ sí òpin ayé. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ìlú náà, kí ó wọ rélùwéè ní Bremen. Ìrìn náà kò tó wákàtí kan.