Metanoia àti Diabolos: Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Méjì nínú Bíbélì Yorùbá

Ìfáàrà

Ète bébà yìí ni láti wo bí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ṣe wá ọ̀rọ̀ fún èdè Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Titun. Ọ̀rọ̀ méjì ni a ó gbé yẹ̀ wò: metanoia, tí ó di ìrònúpìwàdà, àti diabolos, tí ó di Èṣù. Ẹgbẹ́ Bíbélì ti Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní 1966, ní Ilé Bíbélì rẹ̀ sí Wharf Road ní Apapa fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì jìnnà sí Marine Beach. Ẹni tí ó bá ra Bíbélì Yorùbá, tí ó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ajégúnlẹ̀, yóò bá orúkọ Èṣù pàdé nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọ̀tá Ọlọ́run. Ìpinnu àwọn olùtúmọ̀ ni èyí, kì í ṣe ohun tí èdè Gíríìkì sọ fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí òpìtàn bèèrè bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Àwọn olùtúmọ̀ àti ọ̀nà wọn

Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoogùn, ni aṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827, ó sì ti kọ́ èdè Gíríìkì kí wọ́n tó yà á sí iṣẹ́ àlùfáà ní London ní 1843. Ọdún náà ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ìtumọ̀ Ìwé Róòmù tẹ̀lé e ní 1850. Thomas King, tí òun náà jẹ́ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, bá a ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1862. Ní 1884 ni odindi Bíbélì jáde.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a rí pé wọ́n tọ̀. Èkíní, wọ́n lo ọ̀rọ̀ tí a ti inú èdè náà gan-an hun, bí oore-ọ̀fẹ́. Èkejì, wọ́n gba ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ti sọ di ti Yorùbá ṣáájú wọn: àlùfáà, wòlíì, wàásù, àdúrà. Ẹ̀kẹta, wọ́n yá ọ̀rọ̀ àjèjì lò bí ó ti wà: bàptísì, áńgẹ́lì, Sátánì.

Metanoia

Inú meta, tí ó ń tọ́ka sí ìyípadà, àti nous, èyí tí í ṣe inú tàbí èrò ọkàn, ni metanoia ti wá. Nígbà tí ó di èdè Látìn, paenitentia ni wọ́n pè é, ó sì fà sí ẹ̀dùn ọkàn àti ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀. Láti inú ẹ̀yà ọ̀rọ̀ Látìn yìí ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wá. Ẹ jẹ́ kí a tú ìrònúpìwàdà palẹ̀: a ro inú, a pa ìwà dà. Inú tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ Gíríìkì wà níbẹ̀. Ìyípadà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí Yorùbá fi kún un ni ìwà. Lójú Yorùbá, èrò tí ó yí padà tí ìwà kò sì bá a yí, asán ni. Níhìn-ín, Bíbélì Yorùbá sún mọ́ Gíríìkì ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Diabolos

Ọ̀rọ̀ kejì kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Abanijẹ́ tàbí afẹ̀sùnkanni ni diabolos jẹ́ lẹ́nu àwọn Gíríìkì. Àwọn Júù tí ó túmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé sí Gíríìkì ni ó fi í dípò sátánì ti èdè Hébérù, tí í ṣe alátakò. Nínú ìwé Tímótì Kìíní àti Títù, a lo ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn obìnrin tí ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, Bíbélì Yorùbá kò sì pe àwọn yẹn ní Èṣù. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó láti fi hàn pé Gíríìkì ni wọ́n wò, nítorí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì náà ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Èṣù kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán bí abanijẹ́. Orúkọ ni, ó ní ojúbọ, ó ní oríkì. Òun ni ó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run; ojú rẹ̀ ni a ń gbẹ́ sára ọpọ́n Ifá. Bọ́lájí Ìdòwú ti jiyàn nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, tí ó jáde ní 1962, pé Èṣù kì í ṣe diabolos inú Májẹ̀mú Titun. A gbà pẹ̀lú rẹ̀. Kò sì ṣeé sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn: ìwé kan náà tí ó pe diabolos ní Èṣù fi Satanas sílẹ̀ ní Sátánì. Wọ́n lè yá diabolos lò bákan náà.

Síbẹ̀, a kò fara mọ́ àwọn tí ó di gbogbo ẹ̀bi ru Crowther bí ẹni pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ti ṣẹlẹ̀ nínú èdè Gíríìkì fúnra rẹ̀. Nínú ìwé Plato tí a ń pè ní Symposium, daimon ni ó wà láàrin àwọn òrìṣà àti ènìyàn, òun ni ó ń gbé àdúrà àti ẹbọ lọ sókè. Ẹni tí ó bá mọ Ifá yóò rí i pé iṣẹ́ Èṣù gan-an nìyẹn. Nígbà tí a fi máa kọ Májẹ̀mú Titun, daimonion ti di ẹ̀mí búburú, Bíbélì Yorùbá sì pè é ní ẹ̀mí èṣù. Ìránṣẹ́ tí ń gbé ẹbọ ní ilẹ̀ Gíríìkì ti di ọ̀tá kí ti ilẹ̀ Yorùbá tó tẹ̀lé e.

Ìkádìí

Ohun tí a ti fi hàn ni pé ọgbọ́n kan náà ni ó mú ìrònúpìwàdà wá tí ó sì mú Èṣù wá: kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run máa sọ èdè tí ènìyàn fi ń ronú. Ní ti àkọ́kọ́, èdè náà jèrè. Ní ti èkejì, òrìṣà kan pàdánù orúkọ rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí tí ń sọ Yorùbá náà sì ń pe Ṣàítánì ní Èṣù lónìí. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí a fi àwọn ìwé Ìhìnrere tí a tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ṣáájú 1884 wé odindi Bíbélì, kí a lè mọ ìgbà tí ìpinnu náà fìdí múlẹ̀ àti ẹni tí ó ṣe é. Títí a ó fi ṣe èyí, kò yẹ kí a dá Crowther lẹ́bi nìkan, kò sì yẹ kí a máa wí pé Gíríìkì ni ó sọ bẹ́ẹ̀.