Àwòṣe (ìlò rẹ̀ nínú ètò MVC)

Àwòṣe jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- àti ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, wò àti ṣe: ohun tí a ń wò kí a tó ṣe òmíràn. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, aṣọ tí aránṣọ tẹ́ sílẹ̀ láti fi gé tuntun jẹ́ àwòṣe. Ènìyàn tí ìwà rẹ̀ yẹ ní títẹ̀lé náà jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòkọ́ṣe ni a sábà máa ń lò fún un.

Nínú iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yìí ni a fi ń túmọ̀ model, èyí tí lẹ́tà M dúró fún nínú MVC. Lẹ́tà méjì yòókù, V àti C, ni a pè ní ìrísí àti olùdarí níhìn-ín. Ìrísí ni ohun tí ojú òǹlò ń rí. Olùdarí a máa gba ohun tí òǹlò béèrè, a gbé e lọ bá àwòṣe, a sì yan ìrísí tí yóò gbé èsì jáde. Àwòṣe ni apá tí ó ń ṣojú àwọn ohun tí iṣẹ́ náà dá lé lórí, tí ó mọ ipò tí wọ́n wà, tí ó sì ń ṣọ́ òfin tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rú lórí wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣi olùtumọ̀ lọ́nà nìyí. Ìṣẹ̀dá àwòṣe ń fa ọkàn òǹkàwé sí ohun tí a ó wò dà kọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í da àwòṣe MVC kọ. Dídúró ni ó ń dúró fún nǹkan mìíràn, gẹ́gẹ́ bí aṣojú ṣe ń dúró fún ìlú. Ìtàn ọ̀rọ̀ náà jẹ́rìí sí èyí. Trygve Reenskaug, ará Nọ́wè, ni ó gbé ètò yìí kalẹ̀ nígbà tí ó wà ní Xerox PARC ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, níbi tí wọ́n ti ṣe èdè Smalltalk. Orúkọ tí ó kọ́kọ́ fún un ní oṣù karùn-ún ọdún 1979 ni Thing-Model-View-Editor. Nígbà tí oṣù Kejìlá ọdún náà fi máa dé, ó ti di Models-Views-Controllers. Thing tí ó yọ kúrò yẹn ni nǹkan gan-an tí ó wà láyé, lóde kọ̀ǹpútà. Model ni ìmọ̀ tí ètò ní nípa nǹkan náà. Ẹni tí ó bá rántí orúkọ àkọ́kọ́ yìí kò ní túmọ̀ model sí àpẹẹrẹ láé. Bí a bá kọ “àpẹẹrẹ oníbàárà”, oníbàárà kan tí a mú wá fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ni òǹkàwé yóò gbọ́. “Àwòṣe oníbàárà” ni ó tọ́, ó sì dára kí a fi gbólóhùn kan ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tí ó bá kọ́kọ́ jẹ yọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a kọ fún alájọ kan. Oníbàárà ń dá 500 náírà lójoojúmọ́. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ ti alájọ. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, 15,000 náírà ni ó ti dá, 14,500 ni yóò sì gbà. Bí ó bá fẹ́ kó owó rẹ̀ ní ọjọ́ kejìlá, 5,500 ni ó tọ́ sí i nínú 6,000. Òfin yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé, inú ìwé alájọ ni ó sì wà rí. Níbo ni kí ó wà nínú ètò?

Bí a bá fi í sínú ìrísí, tí ojú-ìwé kò fi gbà kí oníbàárà tẹ iye tí ó ju 5,500 lọ, ẹni tí ó mọ ọ̀nà lè fi ìbéèrè ránṣẹ́ láìgba ojú-ìwé náà kọjá. Bí a bá fi í sínú olùdarí, yóò ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn kejì, bóyá ti àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹni tí ó kọ olùdarí tuntun gbàgbé òfin náà, oníbàárà béèrè 6,000, ètò sì san án pátá. Kò sí àmì àṣìṣe kankan. Alájọ fi ẹsẹ̀ rìn ní ọjọ́ méjìlá lásán, ìgbà tí ó bá ṣírò owó ni yóò tó mọ̀. Ṣùgbọ́n bí òfin bá wà nínú àwòṣe, ilẹ̀kùn yòówù tí ìbéèrè ìbáà gbà wọlé, ọ̀dọ̀ ẹni kan náà ni yóò bá.

Ìtúmọ̀ kan tí a tún gbọ́dọ̀ yẹra fún ni “ibi ìpamọ́ ìsọfúnni”. Dátábéèsì ni ìyẹn ń jẹ́. Ó rọrùn láti gbé wọn fún ara wọn, nítorí pé nínú Ruby on Rails, tí ó jáde ní ọdún 2004, àwòṣe kọ̀ọ̀kan sábà máa ń bá tábìlì kan nínú dátábéèsì mu. Síbẹ̀ tábìlì ń tọ́jú 6,000 ni. Àwòṣe ni ó mọ̀ pé 500 nínú rẹ̀ kì í ṣe ti oníbàárà. Martin Fowler kọ̀wé ní ọdún 2003 tako àwòṣe tí ó kàn ń gbé ìsọfúnni kiri láìní ìṣe kankan nínú. Anaemic ni ó pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, àwòṣe aláìlẹ́jẹ̀ sì bá a mu dáadáa ní Yorùbá.

Ẹni tí ó ń túmọ̀ ìwé Django ní láti ṣọ́ra fún V. Ohun tí Django ń pè ní view súnmọ́ iṣẹ́ olùdarí, template ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ ìrísí. Nítorí náà, ìrísí kò ní ṣe é lò fún view níbẹ̀. Ó sàn kí a fi í sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Model kò yí padà ní tirẹ̀: àwòṣe náà ni.