Ìbò New York ní Ọdún 1844

Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Whig ṣe fún àwọn tí ó kórìíra oko-ẹrú ní ìpínlẹ̀ New York, nígbà tí ìdìbò fún oyè ààrẹ Amẹ́ríkà ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1844. Henry Clay, ẹni tí wọ́n fà kalẹ̀, ní ẹrú ní oko rẹ̀ ní Kentucky, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n James Polk ti ẹgbẹ́ Democrat, tí ó ń bá a du oyè náà, ní ẹrú pẹ̀lú, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti kéde pé àwọn yóò so Texas mọ́ Amẹ́ríkà. Orílẹ̀-èdè olómìnira ni Texas nígbà náà, òfin rẹ̀ sì fi àyè gba ẹrú níní. Àwọn Whig wá ń béèrè pé: ta ni yóò fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí yóò máa pa làpálàpá?

Ẹnìkẹta wà tí ó ń díje. Kentucky ni wọ́n ti bí James Birney ní ọdún 1792, òun náà sì ti ní ẹrú rí kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà. Ní ọdún 1834 ó dá àwọn tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Òmìnira sílẹ̀ ní ọdún 1840, òun ni wọ́n fi ṣe ẹni tí yóò du oyè ààrẹ. Ìbò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 7,000 péré ní gbogbo Amẹ́ríkà. Wọ́n tún fà á kalẹ̀ ní Buffalo ní oṣù kẹjọ ọdún 1843. Ní ìpàdé yìí, Henry Highland Garnet, ènìyàn dúdú tí ó ti sá kúrò ní oko-ẹrú ní Maryland nígbà èwe rẹ̀, dìde sọ̀rọ̀ láàárín wọn. Nǹkan ńlá ni èyí ní ìgbà náà. Òfin New York láti ọdún 1821 béèrè pé kí ènìyàn dúdú ní ohun-ìní tí ó tó 250 dọ́là kí ó tó lè dìbò, kò sì béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ aláwọ̀ funfun. Àwọn tí ọ̀ràn náà dùn jù lọ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ohùn nínú rẹ̀.

Ìdáhùn Ẹgbẹ́ Òmìnira fún àwọn Whig kò lọ́jú pọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn fi ènìyàn ṣe ohun-ìní. Ẹni tí ó bá mọ èyí, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé olówó ẹrú gorí oyè, ti di alábàápín nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà, ìbáà ṣe pé olówó ẹrú mìíràn burú jù ú lọ. Ìdí kejì jẹ́ ti òṣèlú gan-an. Bí ìbò wọn bá ń lọ sọ́dọ̀ Whig ní gbogbo ìgbà láìbéèrè nǹkan kan, kí ni yóò mú kí Whig kà wọ́n sí? William Lloyd Garrison ní tirẹ̀ kọ ìdìbò pátápátá, nítorí pé ìwé òfin Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, lójú rẹ̀, ti bá àwọn olówó ẹrú mulẹ̀. Frederick Douglass wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà.

Bóyá àwọn kan ìbá ti tẹ̀ sí Clay bí ohùn rẹ̀ bá dúró lójú kan. Ní oṣù kẹrin ó kọ̀wé pé kò yẹ kí a so Texas mọ́ Amẹ́ríkà. Ní oṣù keje, nígbà tí ó ń wá ojú rere àwọn ará Gúúsù, ó kọ ìwé mìíràn sí Alabama pé kò burú lójú òun bí ó bá lè ṣe é ṣe láìsí ogun, láìsí àbùkù, tí gbogbo ènìyàn sì fi ọwọ́ sí i. Ẹni tí ó ní kí a yan òun nítorí pé òun fi díẹ̀ sàn ju ẹnìkejì lọ kò gbọdọ̀ fi díẹ̀ náà ṣòfò. Birney náà kò ṣàìní àléébù: ó gbà kí àwọn Democrat fa òun kalẹ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ Michigan, èyí sì jẹ́ kí ìwé èké kan tí wọ́n gbé jáde ní orúkọ rẹ̀ nígbà tí ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀ rí ibi fẹsẹ̀ lé.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ìbò 5,106 ni Polk fi borí Clay ní New York. Ìbò 15,812 ni Birney ní níbẹ̀. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí ó tẹ̀lé e bá ti dìbò fún Clay, Clay ni ìbá ní ìbò àwọn aṣojú 36 ti ìpínlẹ̀ náà, òun ni ìbá sì di ààrẹ pẹ̀lú 141 sí 134.

Ìbínú àwọn Whig pọ̀. Abraham Lincoln, tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò ní Illinois, kọ lẹ́tà ní oṣù kẹwàá ọdún 1845 sí ọmọ Ẹgbẹ́ Òmìnira kan. Ó ní àwọn wọ̀nyí ń sọ pé a kì í ṣe búburú kí rere lè ti inú rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n èso ni a fi ń mọ igi, bí yíyan Clay ìbá sì ti dí ìtànkálẹ̀ oko-ẹrú lọ́wọ́, báwo ni yíyan an ṣe lè jẹ́ búburú? Ọ̀rọ̀ náà mú ṣáṣá. Ṣùgbọ́n ó gbà láìwádìí pé ti Whig ni ìbò wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn kan ti inú Democrat wá, tí àwọn mìíràn ìbá sì jókòó sílé.

Ohun tí kò ṣeé jiyàn ni ohun tí ó tẹ̀lé e. Ààrẹ John Tyler fi ọwọ́ sí gbígba Texas ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1845, ọjọ́ mẹ́ta kí Polk tó gorí oyè. Ó di ìpínlẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Ogun pẹ̀lú Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ ní 1846. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1850, ẹrú 58,161 ni ó wà ní Texas. Ní 1860 wọ́n ti di 182,566. Kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ọwọ́ mímọ́ àwọn adìbò New York tó iye tí wọ́n fi rà á. Síbẹ̀, ìjà lórí ìtànkálẹ̀ oko-ẹrú sí àwọn ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ni ó fọ́ ẹgbẹ́ Whig, tí ó sì bí ẹgbẹ́ Republican ní 1854. Salmon Chase, ọ̀kan nínú àwọn olórí Ẹgbẹ́ Òmìnira ní Ohio, bá Lincoln ṣe ìjọba nígbà ogun abẹ́lé. Kò sí ẹni tí ó dìbò fún Birney nítorí pé ó rí gbogbo èyí tẹ́lẹ̀.

Douglass kúrò lẹ́yìn Garrison nígbà tí ó yá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òṣèlú. Ní 1856 ó kọ́kọ́ fi ara mọ́ Gerrit Smith, tí ó fẹ́ kí oko-ẹrú parí pátápátá. Ní oṣù kẹjọ ó yí padà sọ́dọ̀ John Frémont ti Republican, tí ìtànkálẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó tako. Frémont pàdánù. Ní 1860 Douglass kọ́kọ́ yin Lincoln, lẹ́yìn náà ó padà sọ́dọ̀ Smith. Lincoln ni ó wọlé.