Òjò Kò Sí Nínú Àsọtẹ́lẹ̀ Wọn

Àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá wa, mẹ́ta nínú wa ló sì ti mọ orílẹ̀-èdè tí yóò gba Ife Àgbáyé kírikẹ́ẹ̀tì ọdún 2027. Ọ̀kan ní Íńdíà ni. Èkejì ní Ọsirélíà ni, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ti gbà á. Ẹ̀kẹta mú Gúúsù Áfíríkà, ó ní ilé wọn ni wọ́n ti máa gbá a, àti pé ṣebí wọ́n lu Ọsirélíà ní Lord's ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi lélẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo béèrè pé, "Òjò ńkọ́?" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn tún ti dé.

Òótọ́ ni, ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa, òjò ló sì ń sọ ẹni tó máa jẹun lọ́dún. Èèyàn lè ní oko tó dára, kó gba alágbàṣe tó mọ ebè kọ, kó tọ́jú èbù iṣu tó jọjú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá tàn án jẹ, tó rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó sì sá lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àgbàdo tó gbìn á gbẹ mọ́lẹ̀, á sì tún un gbìn. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí n sọ ẹni tó máa borí nínú eré tí wọn kì í gbá nínú òjò, tí ẹyọ ìdíje kan sì máa ń gba odidi ọjọ́ kan, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ fo òjò. Mo padà lọ wo ìtàn Ife Àgbáyé yìí. Ohun tí mo rí nìyí.

Fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lẹ mọ̀: ẹgbẹ́ kan á kọ́kọ́ fi pátákó lu bọ́ọ̀lù, á kó iye run tó bá lè kó jọ, ẹgbẹ́ kejì á sì máa lé iye náà. Over àádọ́ta ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló sì wà nínú over kan. Bí èèyàn mẹ́wàá bá ti jáde nínú ẹgbẹ́, ó parí fún wọn. Ìyẹn tó.

Ọdún 1992 ni Gúúsù Áfíríkà kọ́kọ́ dé Ife Àgbáyé. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wọn ti mú kí ayé ti ìlẹ̀kùn kírikẹ́ẹ̀tì mọ́ wọn fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ọsirélíà àti New Zealand ló gbàlejò ìdíje náà, Ọsirélíà tó ní ife lọ́wọ́ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn sọ pé yóò tún gbà á. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta, ní Adelaide, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé gbogbo ọmọ Pàkístánì jáde ní run 74 péré. Ọ̀rọ̀ ti parí. Àfi bí òjò ṣe dé, tí kò jẹ́ kí wọ́n gbá a tán, tí wọ́n sì pín ojúàmì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ka ojúàmì gbogbo, Pàkístánì ní 9, Ọsirélíà ní 8. Ojúàmì kan tí òjò fún wọn yẹn ló gbé wọn wọ ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ló sì ti Ọsirélíà jáde nínú ilé ara rẹ̀. Pàkístánì náà ló gba ife ọ̀hún níkẹyìn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn kan náà ni wọ́n sì lù.

Òjò tó gbé Pàkístánì dìde kò ṣàánú Gúúsù Áfíríkà. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹta, ní Sydney, wọ́n ń lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, run 22 ló kù nínú bọ́ọ̀lù 13. Ó le, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Òjò rọ̀, kò sì pẹ́ tó fi dá, ṣùgbọ́n ó gba over méjì lọ́wọ́ wọn. Òfin ìgbà náà ní pé bí ẹgbẹ́ tó ń lé bá pàdánù over méjì, over méjì tí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ti rí run tó kéré jù lọ ni kí wọ́n yọ. Over méjì wo nìyẹn? Àwọn tí Gúúsù Áfíríkà ti ju bọ́ọ̀lù dáadáa jù lọ, tí Gẹ̀ẹ́sì kò sì rí nǹkan mú níbẹ̀ ni. Iṣẹ́ rere wọn ló wá pa wọ́n lára. Nígbà tí wọ́n padà sí pápá, pátákó kọ ọ́ fún gbogbo ayé pé: run 22, bọ́ọ̀lù 1. Iye gidi jẹ́ 21, àwọn tó ń kọ ọ́ ló ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ní bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lọ́wọ́?

Lẹ́yìn èyí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Frank Duckworth àti Tony Lewis, jókòó láti wá ọgbọ́n mìíràn. Harare ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo ọgbọ́n náà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1997. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé kò yé àwọn, bẹ́ẹ̀ kẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti gba alágbàṣe rí ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ká ní ẹ gba èèyàn mẹ́wàá láti kọ ebè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí òjò wá dá wọn dúró ní ọ̀sán. Ẹ ò lè kàn ka ebè tó wà nílẹ̀ kí ẹ sì fi wákàtí pín in. Ẹ máa wo wákàtí tó kù, ẹ ó sì tún wo iye èèyàn tí agbára ṣì wà lára wọn. Bí mẹ́jọ bá ti rẹ̀ kanlẹ̀, ìrọ̀lẹ́ tí òjò gbà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan. Bí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá ṣì dúró ṣinṣin, ohun ńlá ni òjò jí lọ. Over ni wákàtí, àwọn tí wọn kò tíì lé jáde ni alágbàṣe. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, ìyókù jẹ́ ìṣirò.

Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ Gúúsù Áfíríkà tán? Ní 2003, àwọn ló gbàlejò, pẹ̀lú Zimbabwe àti Kenya. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, ní Durban, wọ́n ń lé run 268 tí Sri Lanka kó jọ, òjò sì ti ń kùn lókè. Ìwé ìṣirò tuntun yìí wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rán ìṣẹ́ sí Mark Boucher ní pápá pé bí wọ́n bá ti dé 229 ní òpin over 45, ó ti bùṣe. Boucher gbá bọ́ọ̀lù kan kọjá ààlà fún run mẹ́fà, ó dé 229, ó sì fi pẹ̀lẹ́ dá bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn dúró kí wọ́n má baà lé e jáde. Òjò wá dé lóòótọ́. Ìgbà náà ni wọ́n tó rí i pé 229 ni iye tí yóò jẹ́ kí wọ́n ta ọ̀mì, 230 ni iye tí yóò jẹ́ kí wọ́n borí. Run kan ṣoṣo! Ọ̀mì kò tó wọn, wọ́n sì jáde nínú ìdíje tó wà nílé wọn. Àwọn tó ṣìkà ìwé ni mo dá lẹ́bi níbí, mi ò dá òjò lẹ́bi. (Kenya tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ló dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá lọ́dún yẹn. New Zealand kọ̀ láti lọ gbá a ní Nairobi, wọ́n ní ẹ̀rù ààbò ń ba àwọn, Kenya sì gba ojúàmì lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n lu Sri Lanka fúnra wọn, ẹ má gbàgbé ìyẹn.)

Ti ọdún 2015, ní Auckland, ni mi ò tíì lè dá ẹjọ́ rẹ̀. Gúúsù Áfíríkà ń kó run bí ẹni ń kó ẹ̀gúsí nígbà tí òjò dá wọn dúró. Over 43 ni wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nígbà tó dá. Wọ́n kó 281 jọ, ìṣirò sì ní kí New Zealand lé 298, láti fi san ohun tí òjò gbà. Grant Elliott, tí wọ́n bí ní Johannesburg gan-an, ló gbá bọ́ọ̀lù kejì sí ìkẹyìn kọjá ààlà, tó fi lé àwọn ará ilé rẹ̀ sílé. Àwọn kan ṣì ń bú òjò títí dòní. Èmi rò pé wọ́n ti san án fún wọn, ọwọ́ wọn ló gbọ̀n.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ̀ sílé. Láti 1904 tí Èkó ti gbá pẹ̀lú Gold Coast ni kírikẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ilé ìwé bíi King's College àti Government College Ìbàdàn ló mọ̀ ọ́n, kò dé Òkè-Ògùn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún mọ́kàndínlógún lọ sí Ife Àgbáyé wọn ní Malaysia, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ibẹ̀. Òjò kò jẹ́ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan pẹ̀lú Samoa. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ ogún, ní Kuching, wọ́n pàdé New Zealand. Pápá tutù, wọ́n gé ìdíje náà sí over 13. Nàìjíríà kó 65. Nígbà tó ku over kan, New Zealand fẹ́ run 9. Lillian Udeh, tó ti kó run 19 fún wa tẹ́lẹ̀, ló gba bọ́ọ̀lù. Run 6 péré ló jẹ́ kí wọ́n rí. 65 sí 63!

Ọ̀kan nínú àwọn ará yàrá mi ní òjò ló bá wọn gbá a. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Òótọ́ ni pé bí eré bá ṣe kúrú tó ni ẹni kékeré ṣe ń rí àyè tó, nítorí àwọn àgbà kò ní àkókò láti tún àṣìṣe wọn ṣe. Bí wọ́n bá gbá odidi over 20, bóyá ni. Ṣùgbọ́n pápá kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì dúró lé, omi kan náà ló wà nínú koríko. Kò sẹ́ni tó sọ pé òjò ló gba ife 1992 fún Pàkístánì, Imran Khan ni wọ́n ń yìn. Kí ló dé tó jẹ́ pé Lucky Piety, olórí ikọ̀ wa, àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni òjò máa gba ìyìn lọ́wọ́ wọn?

Ní ti 2027, Gúúsù Áfíríkà, Zimbabwe àti Namibia ló máa gbàlejò, ní oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ní àsìkò yẹn, òjò ń palẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ wa, a ti ń retí ọyẹ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ní Johannesburg, ọ̀sán ni àrá sábà máa ń sán. Cape Town ní tirẹ̀ ti rọ òjò rẹ̀ tán nígbà òtútù. Ẹgbẹ́ tó bá gbá ìdíje púpọ̀ ní Cape Town àti ẹgbẹ́ tó bá gbá tirẹ̀ ní Johannesburg, ayé wọn kò dọ́gba, bí orúkọ wọn tilẹ̀ dọ́gba lórí ìwé tí àwọn ará yàrá mi lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ẹgbẹ̀rún méjì mi ṣì wà lápò. Mo ti sọ fún wọn pé bí ìwé tó ń sọ ibi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti máa gbá bá dé ọwọ́ wọn, kí wọ́n fi hàn mí ná.