Igbà adẹ́mu: Bí wọ́n ṣe ń dá ẹmu ní Bouaké láì gun ọ̀pẹ

Ọdún 1912 ni ọkọ̀ ojú irin láti Abidjan dé Bouaké. Àwọn Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, wà lára àwọn oníṣòwò tó wá fi Côte d'Ivoire ṣe ilé. Ẹmu kò ṣàjèjì sí wọn. Bandji ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ohun tó lè ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu ni pé orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ adẹ́mu Baoulé ti ń dá a.

Wọn á gé ọ̀pẹ tó ti gbó lulẹ̀, wọn á gbẹ́ ihò sí i nítòsí orí, ẹmu á sì máa sun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó parí fún ọ̀pẹ yẹn nìyẹn. Agbọ̀n olódù agbègbè Toumodi náà kì í yè é: ibi tí ewé tuntun ti ń yọ gan-an ni wọ́n ń gé.

Nílẹ̀ Yorùbá, igbà ni gbogbo iṣẹ́. Adẹ́mu á fi yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ po, á fẹ̀yìn tì í, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ara igi, á sì tún ju igbà sókè. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń gùn ún, ọ̀pẹ kan náà sì lè fún un lẹ́mu lọ́dọọdún.

Àmọ́ ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń dá ẹ̀mí ọ̀pẹ sí. Àwọn agégi Yúróòpù náà ń yí okùn ká igi, ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń so òmíràn mọ́ òkè. Ẹyọ kan ni ti adẹ́mu. Nínú The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutùọlá ọmọ Abẹ́òkúta gbé jáde lọ́dún 1952, adẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ, ó sì kú. Ikú yẹn ló gbé ìtàn náà dìde. Títí di òní, àwọn dókítà ní Nàìjíríà ṣì ń tọ́jú àwọn tó já lórí ọ̀pẹ, tí eegun ẹ̀yìn wọn kán.