Bede, Johnson àti Ìwé Tó Sọnù

Ẹ bá jáde ní Barking Learning Centre, kẹ́ ẹ gba East Street láàárín àwọn ọlọ́jà, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa fi dé Abbey Green. Ilé gogoro kan ló ṣì dúró níbẹ̀, Curfew Tower. Ìyókù ti di ìlà òkúta lórí koríko, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀. Erkenwald, tó wá di bíṣọ́ọ̀bù London, ló dá ilé ìsìn yẹn sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 666, tó sì fi arábìnrin rẹ̀, Ethelburga, ṣe olórí àwọn obìnrin ibẹ̀. Nígbà ayé Ọba Henry Kẹjọ, ní 1539, wọ́n tì í, wọ́n sì wó o lulẹ̀.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin là ń pàdé ní Learning Centre yẹn lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa, yunifásítì wa ò sì papọ̀. Ìtàn ni mò ń kà. (Àwọn òbí mi ṣì ń sọ fún àwọn èèyàn pé lọ́ọ̀ ni.) Nígbà tí mo mú àbá iṣẹ́ àṣekágbá mi lọ bá olùkọ́ mi, pé ìwé Samuel Johnson, The History of the Yorubas, ni mo fẹ́ kà láti páálí dé páálí, ó ní ibi téèyàn ti ń ṣa ẹ̀rí ni ìwé yẹn, pé wọn kì í jókòó kà á bí wọ́n ṣe ń ka Bede. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi lọ ka Bede.

Àlùfáà ni Bede, ní Jarrow, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún. Ní 731 ló parí ìtàn ìjọ àwọn èèyàn rẹ̀, èdè Látìn ló sì fi kọ ọ́. Ó sọ̀rọ̀ Barking nínú ìwé kẹrin rẹ̀: àjàkálẹ̀ àrùn tó pa àwọn èèyàn ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó tàn sórí ibi tí wọ́n máa sin òkú sí, ikú Ethelburga. Ìwé kékeré kan tí wọ́n ti kọ nípa ilé náà ló ti rí i. Ìwé kékeré yẹn ti sọnù. Tí kì í bá ṣe Bede ni, púpọ̀ nínú ohun tá a mọ̀ nípa àwọn obìnrin yẹn ì bá ti bá a lọ.

Ẹ wá gbọ́ ti Johnson. Sàró ni, wọ́n bí i ní Sierra Leone ní 1846, ó dàgbà ní Ìbàdàn, ó sì ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ títí ó fi kú ní 1901. Àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ló bi léèrè, ó bi àwọn àgbà bíi David Kúkọ̀mí ní Ìbàdàn, ó bi Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ. Ní 1897 ó ti parí iṣẹ́, ó sì fi í ránṣẹ́ sí London. Àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ bá sọ ọ́ nù. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún o! Ó kú láì rí i mọ́.

Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló padà sídìí àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tó tún ìwé náà kọ. Ní oṣù kìn-ín-ní 1916 ni wọ́n fi èyí náà ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun Appam. Ogun Jámánì wà lójú ẹ̀ nígbà náà, ọkọ̀ ogun Jámánì kan sì mú Appam lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà. Ìwé náà rìn títí kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ní 1921 ló jáde. Obadiah náà ti kú ní 1920.

Nítorí náà ìwé tá à ń kà kì í ṣe èyí tí Samuel kọ gan-an. Ohùn méjì ló wà nínú ẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi báyìí ni ọ̀kan parí sí. Téèyàn bá kàn ń ṣa ẹ̀rí, á ṣa ọ̀rọ̀ Obadiah, á pè é ní ti Samuel. Ohun tí mo kọ síwájú olùkọ́ mi nìyẹn, kò sì bá mi jiyàn mọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìwé náà ti gbóná fún wa jù ni Kírìjì, ogun tó bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ní 1877, tí wọn ò tú ibùdó ká títí di 1893. Bede ò sí ní Barking nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yẹn. Johnson wà nínú ọ̀rọ̀ Kírìjì: òun àti Charles Phillips ló ń ti ibùdó kan bọ́ sí èkejì, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà kiri, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé ní 1886. Ọmọ Ìbàdàn ni bàbá mi. Ọmọ Iléṣà ni ìyá ọ̀rẹ́ mi kan láàárín wa. Mo ka ohun tí Johnson sọ nípa ogun náà sókè, ọ̀rẹ́ mi ní rárá, kì í ṣe bí wọ́n ṣe sọ ti Ògèdèǹgbé fóun nìyẹn. A fa ọ̀rọ̀ yẹn títí òṣìṣẹ́ láíbìrì fi wá bẹ̀ wá pé ká rọra.

Ọ̀rẹ́ mi pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù. Màmá ní, "Ẹ bi Johnson yín pé ìlú ta ló ti jẹun dàgbà." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ojú Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni Johnson fi wo ayé. Mo sọ fún wọn pé ojú àlùfáà ni Bede náà fi wò ó, kò sì ní kí wọ́n má kà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní káwọn ará Barking lọ máa bá Bede jà fúnra wọn, pé ti Kírìjì lọ́rọ̀ òun. Wọ́n ti ní àwọn ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, ká fi àga kan sílẹ̀ de àwọn, kí n sì mú Johnson mi dání.