Ilé Ọ̀gá Ṣì Dúró, Ilé Òṣìṣẹ́ Ńkọ́? Ìtàn Ibùwọ̀ Àwọn Òṣìṣẹ́ Rélùwéè

Ẹni tó bá fẹ́ dé orí Òkè Ìdànrè yóò kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Ẹsẹ̀ yóò ro ó, èémí rẹ̀ yóò sì máa lọ sókè sódò. Ṣùgbọ́n àwọn tó la ọ̀nà náà mọ̀ pé ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n ṣe ibi ìsinmi sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, kí ẹni tó ń gòkè lè jókòó, kí ó nu òógùn ojú rẹ̀, kí ó tó tẹ̀síwájú. Tó bá dé òkè tán, odidi ìlú ni yóò bá láàrin àwọn àpáta, ìlú tí àwọn onílé ti kó kúrò níbẹ̀. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀. Ilé agogo wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ojúbọ àti ibojì àwọn baba ńlá.

Ní nǹkan bí ọdún 1923 ni àwọn ará Ìdànrè kó sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè, níbi tí ìlú wà títí di òní. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ àwọn ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ kò di aláìlórúkọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Orósùn, àwọn ọmọ ìlú ṣì ń padà gun òkè. Àwọn arìnrìnàjò afẹ́ náà ń wá. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà fi orúkọ Òkè Ìdànrè ránṣẹ́ sí UNESCO, ó sì wọ inú ìwé àwọn ibi tí a lè kà mọ́ ogún gbogbo ayé lọ́jọ́ iwájú. Ilé tí ènìyàn ṣì ní ìdí láti wọ̀ kì í tètè wó.

Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí a fi sọ́kàn bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa oríṣi ilé mìíràn tí kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà, ìyẹn àwọn ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń wọ̀ sí nígbà tí ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ la ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Ìdànrè fúnra rẹ̀ kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí pé rélùwéè kò dé ibẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn ará Ìdànrè ṣì wà lórí òkè, ọkọ̀ ojú irin ti ń fọn fèrè ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo àti ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ojú irin yẹn kò yà sí ọ̀nà Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ojú títì ni kòkó Ìdànrè gbà jáde, nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ̀kọ́ tí òkè náà ń kọ́ni nípa ilé àwọn tó ti lọ sì wúlò fún àwọn ìlú tí rélùwéè dé.

Ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin láti Ìddó ní Èkó. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní gbangba ní oṣù kẹta ọdún 1901. Láti ibẹ̀ ó tẹ̀síwájú, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà létí Odò Ọya ní 1909. Ní ọdún 1912, wọ́n da rélùwéè Èkó àti ti Àríwá pọ̀ di ọ̀kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ya àwòrán iṣẹ́ náà, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ló fi àdá àti ọkọ́ la igbó, tí wọ́n ru yẹ̀pẹ̀ lórí, tí wọ́n sì gbé irin sórí ilẹ̀.

Níbo ni àwọn wọ̀nyí ń sùn? Àgọ́ àti ahéré ni, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí iṣẹ́ bá dé. Bí ojú irin bá ṣe ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tú àgọ́ tí wọ́n ń gbé e síwájú. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ahéré ni yóò kẹ́yìn oko. Ní ti rélùwéè, òdìkejì ni ọ̀rọ̀ náà rí: oko ṣì wà, ahéré ti lọ. Irin tí àwọn ènìyàn yẹn tẹ́ la ilẹ̀ kọjá ló kù láti fi mọ̀ pé wọ́n ti gba ibẹ̀ kọjá rí.

Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dáadáa, oorun òṣìṣẹ́ wá di ara iṣẹ́ gan-an. Ọkọ̀ ojú irin ayé ìgbà náà, iná èédú àti ooru omi ló ń fi rìn. Awakọ̀ kan wà, ẹni tó ń da èédú sínú iná sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ooru iná ń jó wọn níwájú, atẹ́gùn ń fẹ́ wọn lẹ́yìn, wákàtí lórí wákàtí. Láti Èkó dé Kánò lé ní 1,100 kìlómítà, kò sì sí ẹ̀dá tó lè wà á tán láìsùn. Nítorí náà, ní àwọn ìdíkọ̀ kan lójú ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ kan yóò sọ̀kalẹ̀, àwọn mìíràn tó ti sinmi yóò sì gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ lóru nílò omi ìwẹ̀, ààrò tí yóò fi se oúnjẹ, ibùsùn, àti ẹni tí yóò jí i nígbà tí ọkọ̀ tó ń padà bọ̀ bá súnmọ́ tòsí. Running room ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Kò lẹ́wà, kò sì ga, ṣùgbọ́n ẹ̀mí gbogbo èrò inú ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé awakọ̀ tí kò sùn ewu ni.

Àwọn mìíràn wà tí kì í wọ inú ọkọ̀ rárá. Àwọn ni gángì, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú ojú irin. Iṣẹ́ wọn ni láti máa rìn ín, kí wọ́n wo ibi tí òjò ti wọ́ yẹ̀pẹ̀ lọ, kí wọ́n dè ìdè tó tú, kí wọ́n sì ro koríko. Ẹ̀bá ọ̀nà ni ilé kékeré tiwọn wà, jìnnà sí ọjà àti sí ìlú.

Ipò ló ń pín ilé nínú iṣẹ́ rélùwéè. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni olú ilé iṣẹ́ wà, ibẹ̀ sì ni àwọn òyìnbó ọ̀gá ti kọ́ ilé tiwọn sínú ọgbà ńlá. Ọ̀kan lára wọn ṣì dúró gbọnyin títí di òní. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898 ni, Jaekel House ni wọ́n ń pè é báyìí. Ọ̀gá àgbà rélùwéè ló kọ́kọ́ ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ilé ìsinmi fún àwọn òṣìṣẹ́ onípò gíga. Nígbà tó wá fẹ́ẹ́ di ahoro, ẹgbẹ́ Legacy, tó ń jà fún ìtọ́jú àwọn ilé ìtàn, gba iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ ṣe lábẹ́ ìdarí ayàwòrán-ilé John Godwin. Orúkọ Francis Jaekel ni wọ́n fi pè é, ẹni tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré ni. Àwọn àwòrán àtijọ́ wà lára ògiri, ọgbà rẹ̀ tutù, àwọn ènìyàn sì ń lọ wò ó.

Iṣẹ́ rere ni èyí, ó sì yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáde kúrò nínú ilé náà ti rí bí ọ̀gá ṣe ń gbé. Kò tíì rí bí òṣìṣẹ́ ṣe ń gbé.

Ilé díẹ̀ ni ìjọba kọ́ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń háyà yàrá fúnra wọn láàrin ìlú. Àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ tó sá kúrò ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1867 ti wà lára àwọn tó tẹ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta dó kí rélùwéè tó dé. Nígbà tí iṣẹ́ dé, àwọn onílé rí ayálégbé. Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn la àárín rẹ̀ kọjá, ló di ibùwọ̀ òṣìṣẹ́. Nínú yàrá kan ṣoṣo, ọkọ wà níbẹ̀, ìyàwó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wà níbẹ̀, àbúrò tó ti abúlé wá wáṣẹ́ sì tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà. Ilé làbọ̀ sinmi oko, ni Yorùbá ń wí. Yàrá náà ni ilé, òun náà sì ni ilé àlejò fún gbogbo ẹbí.

Yàrá wọ̀nyí kò jẹ́ ibi oorun nìkan. Láti àárín àwọn òṣìṣẹ́ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni Michael Imoudu ti jáde, ọmọ Ọ̀rà tó wọṣẹ́ rélùwéè ní ọdún 1929. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1941, ó ṣíwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, wọ́n kọjá afárá, wọ́n lọ bá Gómìnà Bourdillon ní ilé ìjọba ní Èkó, kí ó lè gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn. Ogun Àgbáyé Kejì ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù kò sì ká oúnjẹ àti owó ilé mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, ìyanṣẹ́lódì ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó lé ní 30,000 òṣìṣẹ́ tó kó ọwọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ti rélùwéè sì wà níwájú. Ó lé ní ogójì ọjọ́ kí ó tó parí. Àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ àti àwọn obìnrin ọjà ló ń wá ohun tí ilé yóò jẹ ní gbogbo ìgbà náà, nínú àwọn yàrá kan náà yẹn.

Ìtàn ìyanṣẹ́lódì yẹn rí ibi dúró sí. Hubert Ogunde fi ṣe eré, ó pè é ní Strike and Hunger. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìlọrin ń jẹ́ orúkọ Imoudu. Ẹnì kan tó bá fẹ́ rí eré ti rí i, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orúkọ ti gbọ́ ọ. Yàrá ibi tí ebi yẹn ti pa ènìyàn ni a kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni fi àmì sí.

Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe. Ní ìlú Swindon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ rélùwéè Great Western kọ́ ọ̀pọ̀ ilé kéékèèké fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n tún kọ́ ilé ńlá kan fún àwọn àpọ́n àárín wọn. Àwọn àpọ́n náà kò fẹ́ràn rẹ̀, wọn kò sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá wó o. Dípò bẹ́ẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ní 1869. Ní 1962 ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè. Ó ṣì wà lórí ìdúró títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé kéékèèké tó yí i ká, àwọn ènìyàn sì ń gbé inú wọn. Kì í ṣe bíríkì tó le ló dá ilé yẹn sí. Iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ń rí fún un ní ìgbà gbogbo ni. Jaekel House náà gba ọ̀nà yìí kan náà: ó jẹ́ ilé ọ̀gá, ó di ilé ìsinmi, ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Òkè Ìdànrè gbà á pẹ̀lú: ó jẹ́ ìlú, ó di ilẹ̀ ọdún, ó di ibi àbẹ̀wò.

Àsìkò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta kan náà ni ìdíkọ̀ rẹ̀ ńlá wà, wọ́n sì fi orúkọ Mobolaji Johnson pè é. Ohun ayọ̀ ni pé ọkọ̀ ojú irin tún ń rìn. Àmọ́ níbi tí ilẹ̀ ti di wúrà bí i ti Èkó, ilé kékeré tí kò lórúkọ ni ẹ̀rọ awólé máa ń kọ́kọ́ bá.

Ohun tó yẹ kí àwọn aláṣẹ rélùwéè àti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe kò pọ̀ jù. Kí wọ́n ka àwọn ilé òṣìṣẹ́ àtijọ́ tó kù lójú ọ̀nà láti Ìddó dé Jẹ́bà, kí wọ́n ya àwòrán wọn, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó gbé inú wọn sílẹ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ṣì wà láàyè láti sọ ọ́. Kí wọ́n yan ọ̀kan péré, yálà running room kan tàbí yàrá òṣìṣẹ́ kan, kí wọ́n tún un ṣe. Kí wọ́n gbé ibùsùn sí i, àti fìtílà, àti ìkòkò, kí ọmọ ilé ìwé tó bá wá wo ilé ọ̀gá lè rìn díẹ̀ sí i, kí ó wo ilé ẹni tó ń da èédú sínú iná.

Lórí Òkè Ìdànrè, kì í ṣe ààfin nìkan ni wọ́n ń fi han àlejò. Àlejò ń rí ojúbọ, ó ń rí ibojì, ó sì ń jókòó ní ibi ìsinmi tí wọ́n ṣe fún ẹni tó rẹ̀. Ìlú tó mọ̀ pé ó yẹ kí ẹni tó rẹ̀ rí ibi jókòó mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn tó tẹ́ ojú irin, tí wọ́n sì wa ọkọ̀ lórí rẹ̀, rẹ̀ wọn pẹ̀lú. Ó yẹ kí àwọn náà ní ibì kan tí a ó fi ọwọ́ tọ́ka sí pé, ibí yìí ni wọ́n ti sùn.